Tìróò ojú ọmọ àti òjé tó wà nínú rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà tó ti pé ogójì ọjọ́ ni ìyá ọkọ mi ti ń lé tìróò fún un láràárọ̀, tí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ojú ọmọ là dáadáa, kí apòlò má sì yọ ọ́ lẹ́nu. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà rí fọ́tò ọmọ lórí WhatsApp, ló bá pè mí lójijì, ó ní kí n nu nǹkan náà kúrò, pé òjé ni, pé ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọmọ mi ò ṣàìsàn o. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i fún màmá? Ìyá Tómiwá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tómiwá, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó fún yín. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ẹ dá tìróò náà dúró lónìí, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo máa kọ lẹ́yìn èyí, ìdí rẹ̀ ni, àti bí ẹ ṣe máa ṣe é tí ilé ò fi ní dàrú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà sí etí ọ̀sà mọ òjé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, dáadáa. Òun ni apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Àwọn olórìṣà ńlá náà ń wọ ẹ̀gbà òjé sọ́wọ́. Ó wúwo, ó rọ̀, iná díẹ̀ báyìí ló ń yọ́ ọ. Torí pé ó rọrùn láti lò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí aráyé ò tíì kì í bọ̀: inú ọ̀dà, inú páìpù, inú bẹntiróòlù, inú bátìrì ọkọ̀. Òkúta tí wọ́n sì ń lọ̀ di tìróò, inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yọ òjé jáde. Gàlénà ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é. Ẹ mú ẹyọ kan lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń tà á: kò ju hóró ẹ̀wà lọ, àmọ́ á wúwo ju bójú ṣe rò ó lọ. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, á já sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ara rẹ̀ á máa dán bíi dígí. Dídán yẹn ni àwọn ìyá wa fẹ́ràn. Òkúta yìí tí kò bá ní àbùlà, nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù rẹ̀, ó lé ní 86 tó jẹ́ òjé. Imí ọjọ́ ni ìyókù.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹnì kan po òjé mọ́ tìróò láti rẹ́ ẹ jẹ. Òjé ni tìróò fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa lókè òkun, bóyá ibẹ̀ ni àbúrò yín ti gbọ́ ọ. Ní 2011, ní Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Iye rẹ̀ jẹ́ 13 máíkírógíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Tìróò ni wọ́n ń lé fún un, ọjà nílé níbí ni wọ́n sì ti rà á. Nígbà tí wọ́n gbé tìróò ọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ sí láàbù, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta ní 2012, wọ́n sì pe tìróò ní orúkọ rẹ̀ gan-an, bí àwa náà ṣe ń pè é. Àwọn Hausa ń pè é ní kwalli. Orúkọ ló yàtọ̀.

Ẹ máa bi mí pé, ojú ni wọ́n lé e sí, báwo ló ṣe wá dénú ẹ̀jẹ̀? Ẹ wo Tómiwá lẹ́yìn ìwẹ̀ òwúrọ̀. Wọ́n ti lé tìróò tán, oorun ń kùn ún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú, dúdú náà fà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò pẹ́, ọwọ́ yẹn ti wà lẹ́nu, torí pé ọmọ oṣù méje, ẹnu ló fi ń mọ ayé. Ọ̀nà kejì kò hàn síta. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ ojú tó já sínú imú. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sí ọ̀fun. Tẹ́ ẹ bá ti kán oògùn sójú rí, tẹ́ ẹ wá ń tọ́ kíkorò rẹ̀ wò lọ́fun, ihò yẹn ló gbé e débẹ̀. Tìróò náà mọ ọ̀nà ọ̀hún. Ọmọ ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ara ọmọdé kì í sì í gba òjé bíi ti àgbà. Nínú òjé kan náà tí àwọn méjèèjì bá gbé mì, èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Òjé jọ kálísíọ̀mù, ohun tí ara fi ń kọ́ egungun; ara ọmọ tó ń dàgbà ń wá kálísíọ̀mù kiri bí ẹní ń wá omi, ó sì ń ṣi òjé gbé. Ó ń kó o sínú egungun, ó ń kó o sínú eyín, ó ń gbé e lọ sínú ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so okùn ara rẹ̀ pọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, bí oṣù kan ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Nínú egungun, ó lè lo ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí obìnrin tí wọ́n fún ní òjé jẹ lọ́mọdé fi lè pín in fún ọmọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lóyún: oyún ń fa kálísíọ̀mù jáde látinú egungun ìyá, òjé a sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rín ọmọ yín wá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ òjé ni pé tí kò bá tíì pọ̀, kò ní àmì. Ara ọmọ kò gbóná, kò sunkún, kò ṣu jù. Ó di ìgbà tí ọmọ bá wọ iléèwé kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan: kò lè jókòó síbì kan, ohun tí tíṣà sọ nísinsìnyí ti fò lọ, ìwé kíkà ń ni ín lára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ọmọ náà ya olódo. Ta ni yóò rántí ilé tìróò tó wà lórí tábìlì ìyá àgbà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Ohun tí òjé bá sì bàjẹ́ nínú ọpọlọ báyìí, oògùn ò lè dá a padà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ pé kò sí iye kan tí a lè fọkàn balẹ̀ sí pé kò ní ṣe ọmọdé ní nǹkan.

Tó bá wá pọ̀, inú rírun á dé, ìgbẹ́ á há, ojú ọmọ á funfun torí ẹ̀jẹ̀ kò tó. Tó bá pọ̀ jùyẹn lọ, gìrì ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ lórí gìrì yìí, torí tí gìrì bá mú ọmọ lọ́dọ̀ tiwa, ibà la máa ń rò, tàbí ká lọ wá àgbo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rò ó ní Zamfara ní 2010. Àwọn ará abúlé bíi Dareta àti Yargalma ń wa góòlù. Òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀, òjé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ń kó o wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ nínú ọgbà, eruku rẹ̀ ń bo ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí. Pẹ́pẹ́yẹ ń kú. Lẹ́yìn náà, gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ, oògùn ibà ò ràn án. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, àjọ oníṣègùn aláàánú láti òkè òkun, ló fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí gbogbo ayé tó mọ̀ pé òjé ni. Ó lé ní irinwó (400) ọmọ tó ṣègbé. Ní 2015, nǹkan kan náà pa ọmọ 28 ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi ní ìpínlẹ̀ Niger.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi Zamfara dẹ́rù bà yín. Òjé tiwọn àti ti ojú Tómiwá kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ohun kan tí wọ́n fi ojú ara wọn rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín. Oògùn tó ń fa òjé jáde lára wà. Àmọ́ àwọn dókítà yẹn kò gbà láti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ọmọ abúlé tí wọn ò tíì ha erùpẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Kí ni àǹfààní rẹ̀, tí a bá fa òjé jáde lónìí, tí ọmọ tún padà sílé lọ lá a lọ́la? Àwọn ọmọ Bagega, abúlé mìíràn ní Zamfara, dúró dìgbà tí wọ́n fọ ilẹ̀ wọn mọ́ ní 2013. Orísun ni a kọ́kọ́ ń dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nílé yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n fi ń wo ibà tàbí iye ẹ̀jẹ̀ kì í fi òjé hàn, ẹ ní láti pe orúkọ rẹ̀: òjé inú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, tàbí láàbù aládàáni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn. Inú iṣan ni kí wọ́n ti fà á tó bá ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ ìka ni wọ́n fẹ́ gún, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ dáadáa ná, torí tìróò tó lẹ̀ mọ́ ìka lè sọ èsì di ńlá lásán. Èsì á jáde ní iye máíkírógíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Tí ó bá tó 5, WHO ní kí wọ́n wá orísun rẹ̀ kí wọ́n sì dí i; Amẹ́ríkà ti sọ tiwọn kalẹ̀ sí 3.5 láti 2021. Tó bá di 45 sókè ni ọ̀rọ̀ oògùn tó ń fa òjé jáde ń wáyé fún ọmọdé, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní àgbo tàbí oògùn ìyàgbẹ́ pé ó máa fọ òjé dànù. Kò ní fọ̀ ọ́. Inú ọmọ nìkan ló máa ṣí.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni oúnjẹ. Ọmọ tí áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀ ń gba òjé wọlé jù, ọmọ tí ebi ń pa náà ń gbà á jù. Nítorí náà, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un lọ, kẹ́ ẹ sì máa fi ẹja lílọ̀ sínú ògì rẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bó, ẹ̀fọ́, omi ọsàn díẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń lé tìróò? Ṣé ẹ jẹ ẹfun nígbà oyún? Mo mọ̀ pé ó máa ń wu aboyún jẹ. Òjé wà nínú ẹfun jíjẹ yẹn. Àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún aboyún àti abiyamọ pé kí wọ́n jìnnà sí i. Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tiyín náà.

Bí ẹ bá sì ti ń wá orísun, ẹ má fi mọ sórí tìróò. Ìbàdàn lẹ wà. Olódò tó wà létí ìlú yín, àkìtàn pàǹtírí bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n dà sí Kúmápàyí ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn oníwádìí sì ti rí òjé nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ògìjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà ń jẹ ìyà àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì. Ní Thiaroye, létí Dakar ní Senegal, erùpẹ̀ bátìrì yìí kan náà pa ọmọ 18 láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Ní tèmi o, bátìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù ní ilẹ̀ Yorùbá báyìí, torí bí iná mànàmáná ṣe rí, ilé wo ni kò ní bátìrì inífátà mọ́? Tó bá kú, ẹ tà á lódidi. Kí ẹnikẹ́ni má tú u lẹ́yìnkùlé. Tí ẹnì kan nínú ilé bá ń tún bátìrì ṣe, tó ń jó irin, tàbí tó ń yọ́ òjé fún àwọ̀n, ibi iṣẹ́ ni kó ti bọ́ aṣọ àti bàtà, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Mo mọ bó ṣe rí: bàbá á wọlé, ọmọ á rá lọ bá a, á sì fà mọ́ ṣòkòtò. Inú ṣòkòtò yẹn ni òjé wà.

Ẹ wo ọ̀dà pẹ̀lú, pàápàá èyí tó ń dán tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin ojú fèrèsé. Àwọ̀ òfeefèé àti pupa tó mọ́lẹ̀ yòò ló burú jù, torí òjé wà lára ohun tí wọ́n fi ń fún wọn láwọ̀. Tó bá ń ṣí, ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí pépà líle ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ gbé ọmọ jáde kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ náà, eruku ló ń gbé dìde; aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ máa fi nu ilẹ̀ tí Tómiwá ń rá. Ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin rọ, ẹ má se ògì ọmọ nínú rẹ̀, ata àti tòmátì tó kan sì ń bó ara rẹ̀ jù. Ti bẹntiróòlù ni a ti rí àlàáfíà: ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà bọ́ nínú olójé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, Algeria ló gbẹ̀yìn gbogbo ayé ní 2021. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe ní Amẹ́ríkà: ní ìparí àwọn ọdún 1970, nǹkan bí 15 ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn lápapọ̀, lónìí kò tó 1. Ohun tí a bá dí orísun rẹ̀ ń lọ.

Ó ku ti màmá. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, wọ́n lé e fún mi. Fọ́tò mi kan wà tí ojú mi dúdú roboto bíi ti ẹtà. Ìyá tó lé e kò ṣe é ní ìkà, òun ló jí láàárọ̀ tó wẹ̀ mí tí ìyá mi fi rí oorun sùn. Nítorí náà, ẹ má fi fóònù àbúrò yín sí etí màmá kí nọ́ọ̀sì kékeré wá máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó sì jẹ́ òun ni yóò sọ ọ́, ọmọ wọn ni. Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ ẹ mú màmá dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà sọ ọ́ lójú wọn. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó dákẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú méjì nígbà tí mo sọ fún un pé òjé àwọ̀n ni ó ń lé fún ọmọ. Ọmọ apẹja ni. Ó mọ òjé. Ó ní, "Èyí tí wọ́n ní ká má fi sẹ́nu lọ́mọdé yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni, mà, òun náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fún òun ní nọ́ńbà láàbù.

Ti apòlò tí wọ́n ń bẹ̀rù: tìróò kò dènà rẹ̀, igi tìróò tó ń ti ojú ẹnì kan bọ́ sí tẹlòmíràn sì lè gbé e kiri. Omi tó mọ́ àti òwú tó mọ́ tó ojú ọmọ, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Tí ojú bá pupa tó ń ṣe ipin, ilé ìwòsàn. Ẹ má sì fi tìróò mìíràn rọ́pò pé eléyìí kì í ṣe òkúta, èéfín ni. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìwẹ̀, òrí pípa, orin, kẹ́ ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún màmá. Kí wọ́n ṣáà fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n sì fọ gèlè àti ìró tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, torí tìróò ti jókòó sára aṣọ wọn láti oṣù mélòó kan wá.

Ilé tìróò náà, ẹ má dà á sẹ́yìnkùlé níbi tí adìẹ ń ṣà. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kẹ́ ẹ gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn, bóyá láàbù á gbà láti yẹ òun náà wò. Tí èsì ọmọ bá ga, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta. Tó bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ẹ ti dí orísun. Tí kò bá sún, tàbí tó tún gùn, nǹkan mìíràn wà nílé tí a ò tíì rí: ẹ kọ sí mi, kẹ́ ẹ sọ irú iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe nínú ọgbà yẹn, ká jọ wá a.